Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni tí Ẹ̀fọ́rí Túúlu Ń Bá Fínra: Oúnjẹ, Oorun àti Ìtọ́jú Ara

Ẹni tí ẹ̀fọ́rí túúlu ń bá fínra mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀fọ́rí tí à ń fi hóró oògùn méjì àti oorun ọ̀sán lé lọ. Ó sábà máa ń mú ìhà kan orí, á máa lù kìkì lẹ́yìn ẹyinjú, ìrìndọ̀ á dé, iná gílóòbù lásán á di ohun tí ojú kò gbà, ariwo àwọn ọmọ tó ń ṣeré nínú àgbàlá á sì máa gún ènìyàn létí. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè gba wákàtí 4 títí dé 72 kí ó tó lọ. Nígbà tí orí bá ń fọ́ ènìyàn ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, tí ó ti ń rí bẹ́ẹ̀ fún ohun tó ju oṣù 3 lọ, tí ó kéré tán ọjọ́ 8 nínú wọn sì jẹ́ ti túúlu, àwọn dókítà gbà pé ó ti di bárakú nìyẹn. Títí di òní, kò sí oògùn tó ń fà á tu tìgbòǹgbò-tìgbòǹgbò, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn lè dín kù gidigidi, agbára rẹ̀ sì lè rọ̀, bí ènìyàn bá mọ bí a ti ń bá a gbé.

Inú ọpọlọ ni àìsàn yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì sábà máa ń rìn nínú ìdílé. Iṣan ìmọ̀lára ńlá kan wà tó ń ṣiṣẹ́ fún ojú, eyín àti awọ tó bo ọpọlọ. Nígbà tí túúlu bá jí, iṣan yìí máa ń tú àwọn èròjà kan jáde, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní CGRP, àwọn ló sì ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ fẹ̀, kí ìrora sì máa gbóná sí i. Àwọn obìnrin tó ń ní in tó ìlọ́po mẹ́ta àwọn ọkùnrin. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àṣejù, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi ojú ẹni tó ń sá fún iṣẹ́ wo ẹni tó ń ṣe. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo ohun tí ẹ óò kà níhìn-ín ni pé ọpọlọ ẹni tó ní túúlu kò fẹ́ àyípadà òjijì. Ebi, òùngbẹ, oorun tó dín, oorun tó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kọfí tí a ṣàdédé pa tì, èròjà ara obìnrin tó ń lọ sílẹ̀ kí nǹkan oṣù tó dé: gbogbo wọn ló lè ta á jí. Bí ọjọ́ yín yóò ṣe máa lọ déédéé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí dá lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ dájú pé túúlu ni

Ní ilẹ̀ wa, bí orí bá ti fọ́ ènìyàn, ibà ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu ará ilé. Ẹni tí túúlu ń dà láàmú lè máa gbé oògùn ibà mì léraléra láìjẹ́ pé kòkòrò ibà kankan wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ń lo èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú oògùn ibà òde òní, ọjọ́ mẹ́ta náà sì ni túúlu tó le fi ń parí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó bá lọ fúnra rẹ̀, oògùn ibà ni yóò gba ọpẹ́, ènìyàn á sì tún rà á nígbà mìíràn. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó lo oògùn ibà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lórí ìka yín, kí wọ́n sì wọn ìfúnpá yín pẹ̀lú, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ga gan-an lè fọ́ ènìyàn lórí. Bí ó bá jẹ́ ìwé kíkà tàbí kọ̀ǹpútà ló máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó yẹ kí oníṣègùn ojú náà yẹ̀ yín wò.

Àmì túúlu ni pé ìrora náà máa ń lù, ó sábà máa ń wà ní apá kan, ó máa ń le sí i bí ènìyàn bá gun àkàsọ̀ tàbí tẹ̀ba, ìrìndọ̀ tàbí èébì sì máa ń bá a rìn, tàbí kí ìmọ́lẹ̀ àti ariwo máa nini lára. Àwọn mìíràn kọ́kọ́ máa ń rí ìlà wíwọ́ tó ń kọ yẹ̀rìyẹ̀rì lójú, tàbí kí ìka ọwọ́ àti ètè kú tipiri, fún ìṣẹ́jú 5 sí 60, kí ẹ̀fọ́rí fúnra rẹ̀ tó dé. Dókítà lè fi ìtàn tí ẹ bá sọ fún un mọ̀ ọ́n. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò nílò kí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ.

Àwọn ìgbà kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ jókòó sílé rárá. Bí ẹ̀fọ́rí bá bẹ́ lójijì tó sì dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ibà àti ọrùn líle bá bá a wá, èyí tó lè jẹ́ àrùn yírùnyírùn. Bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ, tí ẹnu bá yí, tí ọ̀rọ̀ kò já geere mọ́ tàbí tí ojú fọ́. Bí gìrì bá mú ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹni náà fi orí gbá nǹkan ni. Bí ẹ̀fọ́rí tí kò sí tẹ́lẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ẹni ọdún 50, tàbí lára ẹni tó ní jẹjẹrẹ tàbí kòkòrò HIV: ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ ra ìwé kékeré kan, tàbí kí ẹ lo fóònù yín. Ní ọjọ́ tí orí bá fọ́ yín, ẹ kọ wákàtí tó bẹ̀rẹ̀, wákàtí tó parí, apá ibi tó ti ń dùn yín, oògùn tí ẹ lò àti iye hóró rẹ̀, ìgbà tí ẹ jẹun kẹ́yìn kí ó tó bẹ̀rẹ̀, bí ẹ ṣe sùn lálẹ́ àná, omi tí ẹ mu, àti bí nǹkan oṣù bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ní ọjọ́ tí orí kò fọ́ yín, ẹ kọ pé kò fọ́. Oṣù mẹ́ta irú àkọsílẹ̀ yìí á sọ ohun tí ìrántí yín kò lè sọ.

Ìdẹkùn kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún. Túúlu lè ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú ọpọlọ fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí orí tó fọ́. Ènìyàn á kàn máa yán ṣáá, ọrùn á máa le, ara á máa kan án, tàbí kí nǹkan dídùn máa wù ú jẹ. Ẹni tí ṣokoléètì wù, tó jẹ ẹ́, tí orí sì fọ́ lẹ́yìn náà, á búra pé ṣokoléètì ló fà á, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé túúlu tó ti ń bọ̀ lọ́nà ló jẹ́ kí ó wù ú. Bákan náà, nǹkan kan ṣoṣo kì í sábà tó láti ta á jí. Àìsùn, ebi àti oòrùn tó mú lọ́jọ́ kan náà ló máa ń para pọ̀. Ẹ má tètè dá oúnjẹ kankan lẹ́bi àyàfi tí ìwé yín bá fi hàn pé ó ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ jẹun lásìkò kí ẹ tó máa ronú èèwọ̀ oúnjẹ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìbéèrè wọn àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ pé, kí ni mi ò gbọ́dọ̀ jẹ mọ́? Lójú tèmi, ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé, ìgbà wo ni mo jẹun kẹ́yìn? Oúnjẹ tí ẹ kò jẹ ń ta túúlu jí ju ọ̀pọ̀ oúnjẹ tí ẹ jẹ lọ. Ẹ wo àwọn tó ń kúrò nílé ní Ìkòròdú tàbí Mowe kí ilẹ̀ tó mọ́, tí wọ́n ń lọ ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, tó jẹ́ pé ọ̀sán gangan ni oúnjẹ àkọ́kọ́ ń kan ẹnu wọn. Bí ẹ̀fọ́rí wọn bá ń bẹ̀rẹ̀ ní agogo mọ́kànlá lójoojúmọ́, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ẹ ṣètò rẹ̀ láti alẹ́: ẹyin sísè àti búrẹ́dì, mọ́ínmọ́ín tí ẹ ti sè sílẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ẹ̀pà sísun nínú báàgì. Ẹ má jẹ́ kí wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún kọjá lójú mọmọ láìfi nǹkan kan sẹ́nu, ẹ má sì fi oúnjẹ alẹ́ du ara yín.

Ohun tó wà nínú abọ́ náà ṣe pàtàkì, nítorí oúnjẹ tó tètè dá lára máa ń dá ebi padà kíákíá. Ògì pẹ̀lú ṣúgà nìkan kò lè dúró pẹ́; ẹ fi àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín tì í. Bí gàrí lẹ fẹ́ mu, ẹ̀pà àti ẹja díndín ni kí ó bá a wọlé. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà, ẹ̀gúsí, ẹ̀pà, kaṣú àti ẹ̀fọ́ tútù bíi tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ máa wọ inú oúnjẹ ọ̀sẹ̀ yín dáadáa, nítorí magnesium wà nínú wọn, èròjà tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ní túúlu kò ní tó lára. Bí ẹ bá ń bọ ẹ̀fọ́, kí ó má pẹ́ lórí iná, torí omi tí ẹ dànù ń gbé díẹ̀ lọ nínú èròjà náà. Ẹyin, wàrà àti ẹ̀dọ̀ ẹran ní fítámì B2, tí a óò tún fẹnu bà níwájú.

Ọ̀rọ̀ ẹja yẹ fún àfiyèsí ju bí a ti ń fún un lọ. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú ènìyàn 182, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2021, fi hàn pé àwọn tó jẹ ẹja ọlọ́ràá dáadáa fún ọ̀sẹ̀ 16, tí wọ́n sì dín irú òróró bíi ti sóyà àti ti àgbàdo kù, ní ọjọ́ ẹ̀fọ́rí tó fi nǹkan bí mẹ́rin dín lóṣù sí ti àwọn tó ń jẹ oúnjẹ bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Kò dìgbà tí ẹ bá ra ẹja olówó gọbọi láti òkè òkun: ẹja ṣáwá àti ẹja Titus inú ọjà wa ní ọ̀rá náà dáadáa. Ẹ sè wọ́n tàbí kí ẹ yan wọ́n, dípò kí ẹ rì wọ́n sínú òróró gbígbóná.

Ní ti oúnjẹ tí wọ́n ń fura sí, ọtí ni ẹ̀rí rẹ̀ fìdí múlẹ̀ jù, pàápàá wáìnì pupa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tún ń dárúkọ ẹran inú agolo àti sọ́séèjì, wàràkàṣì ilẹ̀ òkèèrè tó ti gbó, ṣúgà àtọwọ́dá inú ohun mímu tí kò ní ṣúgà, àti mágí. Ẹ̀rí lórí mágí kò lágbára tó bí àwọn ènìyàn ti rò, ṣùgbọ́n bí ìwé yín bá ń tọ́ka sí i, ẹ yọ òun nìkan kúrò nínú ọbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ wò ó, kí ẹ sì dá a padà láti mọ̀ bóyá òun ni lóòótọ́. Ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ni. Ẹni tó bá yọ irú, mágí, ata, ẹ̀pà àti ọsàn kúrò lọ́jọ́ kan náà kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ á sì rù lásán. Wàrà tútù tí àwọn Fúlàní ń tà kò gbó bíi ti òkèèrè, kò sì sí ìdí láti bẹ̀rù rẹ̀ bí kò bá yọ yín lẹ́nu rí.

Kaféènì ń ṣe rere, ó sì ń ṣe ibi. Ó wà nínú kọfí, tíì, kóòkì, ohun mímu afúnnilágbára, ó sì wà nínú obì, yálà gbànja tàbí àbàtà, èyí tí ọ̀pọ̀ àgbà kì í kà sí kaféènì rárá. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lè ran oògùn apàrora lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́, tí ẹ wá ṣàdédé dáwọ́ dúró, orí á fọ́ yín láàárín wákàtí 12 sí 24. Ẹ má jẹ́ kí ó kọjá nǹkan bíi 200 miligíráàmù lóòjọ́, ìyẹn nǹkan bí ife kọfí méjì, kí iye rẹ̀ àti àkókò rẹ̀ má sì máa yí padà. Bí ẹ bá fẹ́ fi í sílẹ̀ pátápátá, ẹ dín in díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì.

Omi rọrùn láti ṣírò: ọ̀rá omi mímọ́ kan jẹ́ ìdajì lítà, nítorí náà mẹ́rin sí márùn-ún lóòjọ́ dára fún àgbàlagbà tí oòrùn ń pa, àyàfi tí dókítà bá ti ní kí ó dín omi kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín. Ẹ mu ún káàkiri ọjọ́, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan náà lálẹ́.

Ààwẹ̀ ń kó ebi, òùngbẹ, oorun tó já àti kaféènì tó dúró lójijì pọ̀ sójú kan, kò sì yani lẹ́nu pé ó ń le fún ẹni tó ní túúlu. Ẹni tó fẹ́ gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kọfí, tíì tàbí obì kù ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Kí ó má fo sààrì, kí ó fi ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja sí i, kí ó sì mu omi dáadáa láti ìgbà ìṣínu títí di ìdájí. Bí ó bá ń dá a gúnlẹ̀ léraléra síbẹ̀, Kùránì fúnra rẹ̀, ní Súrà kejì ẹsẹ 185, yọ̀ǹda fún aláìsàn láti gbà á padà ní ọjọ́ mìíràn, kí ó sì bá dókítà àti àlùfáà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Onígbàgbọ́ tí ìjọ rẹ̀ ń gba ààwẹ̀ gbígbẹ lè bá olùṣọ́ àgùntàn rẹ̀ sọ ọ́ kí wọ́n jẹ́ kí ó máa mu omi, tàbí kí ó fi ẹran àti nǹkan dídùn sílẹ̀ dípò oúnjẹ lódindi.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Oorun, ìmọ́lẹ̀ àti ohun tó wà ní àyíká

Ẹ máa sùn, kí ẹ sì máa jí ní àkókò kan náà, Sátidé àti Sọ́ńdè pẹ̀lú. Oorun àsùndọ́sàn-án ní òpin ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún tí ẹ kò sùn tó, máa ń ta túúlu jí bí àìsùn gan-an ti ń ta á jí. Bí ẹ bá ní àìsùn ìsìnkú tàbí ìṣọ́ òru láti lọ, ẹ sùn díẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹ jẹun kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì jókòó jìnnà sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, èéfín rẹ̀ sì ń run nínú imú, ṣùgbọ́n ewu tó wà nínú rẹ̀ ju ti túúlu lọ. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé pọ̀ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ jáde síta lójú ẹsẹ̀, nítorí èéfín rẹ̀ lè pa ènìyàn. Ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé, ẹ má sì gbé e sínú ilé tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láé. Ní ti oòrùn, fìlà ẹlẹ́tí fífẹ̀ àti awò dúdú dára níta. Ẹ má fi awò dúdú sójú nínú ilé láti àárọ̀ dalẹ́, torí yóò sọ ojú di ẹni tí kò lè gba ìmọ́lẹ̀ kankan mọ́.

Fún àwọn ìyá àti àwọn ọ̀dọ́bìnrin wa, gèlè tó fún pinpin àti irun tí wọ́n dì le jù láti ìpìlẹ̀ wà lára ohun tó ń fa ẹ̀fọ́rí, wọ́n sì lè jí túúlu. Ẹ sọ fún onídìrí kí ó dẹwọ́, kí ẹ sì tú gèlè ní kété tí ẹ bá ti kúrò lóde ayẹyẹ.

Eré ìdárayá náà jẹ́ ìtọ́jú. Ní orílẹ̀-èdè Sweden, ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí rí i pé ṣíṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 40, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, dín túúlu kù bí topiramate, oògùn kan tí à ń lò láti dènà túúlu, ti dín in kù. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ ní ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 10, kí ẹ máa fi kún un, kí ẹ má sì ṣe é lórí ikùn òfìfo. Ẹni tó sanra jù ń tètè bọ́ sínú túúlu bárakú, nítorí náà ó dára kí ó dín ìwọ̀n ara kù, ṣùgbọ́n kí ó má fi ebi ṣe é.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Nígbà tí ó bá ti dé

Ẹ tètè lo oògùn. Ẹni tó ń fara dà á títí ìrora á fi dé góńgó á rí i pé ikùn kò fa oògùn mu dáadáa mọ́. Fún àgbàlagbà, paracetamol hóró méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500 miligíráàmù, tàbí ibuprofen 400 miligíráàmù pẹ̀lú oúnjẹ díẹ̀, ni a sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Hóró paracetamol kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ibuprofen. Ẹ má sì fún ọmọ tí kò tó ọdún 16 ní aspirin. Bí èébì kò bá jẹ́ kí oògùn dúró, dókítà lè kọ oògùn ìrìndọ̀ sí i. Ó tún lè kọ sumatriptan, èyí tí wọ́n ṣe fún túúlu gan-an, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ẹni tó ti ní àìsàn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò tíì wálẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn tó sì dákẹ́, ẹ fi aṣọ wé ọ̀rá omi tútù, ẹ gbé e lé iwájú orí tàbí ẹ̀yìn ọrùn, kí ẹ sì gbìyànjú láti sùn. Atalẹ̀ tí a fi omi gbígbóná rẹ máa ń mú ìrìndọ̀ rọlẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi àgbo inú ọtí wo túúlu, nítorí ọtí náà fúnra rẹ̀ ń ta á jí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ sí yín ní ẹ̀bátí, nítorí abẹ tí a fi sín ẹlòmíràn lè kó àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ran yín. Ará ilé lè ṣèrànwọ́ ńlá bí wọ́n bá pa tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n gbé omi wá, tí wọ́n sì fi aláìsàn sílẹ̀ kí ó sinmi láìbi í ní ìbéèrè kan sí òmíràn. Kódà lẹ́yìn tí ìrora bá lọ, ara lè máa rẹ ènìyàn fún odindi ọjọ́ kan. Ẹ má gbé iṣẹ́ tó wúwo lé e.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ ka iye ọjọ́ tí ẹ ń lo oògùn apàrora

Èyí ni ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù, torí ọ̀pọ̀ ẹni tí túúlu ti di bárakú fún ni oògùn tí wọ́n fi ń lé e ló ń dá a padà. Bí ẹ bá ń lo paracetamol tàbí ibuprofen ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, fún ohun tó ju oṣù mẹ́ta lọ, oògùn náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹ̀fọ́rí fúnra rẹ̀. Fún sumatriptan, tramadol, oògùn tó ní codeine, àti oògùn àpapọ̀ bíi paracetamol tí wọ́n fi kaféènì sí, ọjọ́ 10 lóṣù ni ààlà. Iye ọjọ́ ni ẹ óò kà, kì í ṣe iye hóró. Ẹ̀fọ́rí irú èyí sábà máa ń wà níbẹ̀ bí ẹ bá ti ń jí, oògùn á mú un rọlẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, yóò sì tún padà.

Ààlà tí mo fara mọ́ fún ẹnikẹ́ni ni pé kí oògùn apàrora má kọjá ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá ti kọjá ààlà náà, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ lè jáwọ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀fọ́rí á kọ́kọ́ le sí i, nígbà mìíràn fún nǹkan bí ọjọ́ 10, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ẹni tí kò mọ èyí tẹ́lẹ̀ á padà sídìí oògùn ní ọjọ́ kẹta. Ẹni tó ti ń lo tramadol tàbí codeine lójoojúmọ́ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì láìsí dókítà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ọ̀rọ̀ tó kan àwọn obìnrin

Bí ìwé yín bá fi hàn pé túúlu máa ń wá láti ọjọ́ méjì ṣáájú nǹkan oṣù títí dé ọjọ́ kẹta rẹ̀, àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn ni kí ẹ ṣọ́ oorun àti oúnjẹ jù. Dókítà tún lè fún yín ní oògùn tí ẹ óò máa lò fún ọjọ́ mélòó kan péré ní àkókò náà. Obìnrin tó máa ń rí ìlà wíwọ́ lójú kí orí tó fọ́ kò gbọ́dọ̀ lo hóró ìfètò sọ́mọ bíbí tó ní estrogen, èròjà ara obìnrin, nínú, nítorí ó ń mú kí ewu rọpárọsẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì ìfètò sọ́mọ bíbí, ọ̀nà mìíràn tí kò ní estrogen wà.

Nínú oyún, túúlu ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń rọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Paracetamol ni a kọ́kọ́ ń lò. Ẹ má lo ibuprofen láti ọ̀sẹ̀ 20 lọ. Bí ẹ̀fọ́rí tó le bá mú aboyún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, tí ojú rẹ̀ ń ṣú tàbí tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú, kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀ ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn ìdènà bíi valproate àti topiramate lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá, kí obìnrin tó lè lóyún má sì lò ó láìjẹ́ pé dókítà mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Oògùn ìdènà àti ìgbà tó yẹ láti béèrè rẹ̀

Bí ó bá ń dé tó ọjọ́ mẹ́rin lóṣù, tàbí tí ó ń gba iṣẹ́ àti ayọ̀ yín lọ́wọ́ yín, ẹ béèrè oògùn tí à ń lò lójoojúmọ́ láti dènà rẹ̀. Propranolol àti amitriptyline kò wọ́n, wọ́n sì wà ní ọ̀pọ̀ ilé oògùn, ṣùgbọ́n propranolol kì í ṣe fún ẹni tó ní ikọ́ fée. Ní àfikún, magnesium 400 sí 600 miligíráàmù àti fítámì B2 400 miligíráàmù lójúmọ́ ti ran àwọn kan lọ́wọ́; magnesium lè mú ìgbẹ́ rọ̀, kò sì yẹ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Láti ọdún 2018 ni abẹ́rẹ́ tó ń dí CGRP lọ́wọ́ ti wà ní Amẹ́ríkà, àwọn ará wa tó wà lókè òkun sì lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà wọn. Nílé níhìn-ín, àwọn dókítà ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn ìkẹ́kọ̀ọ́ bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ gbé ìwé àkọsílẹ̀ yín dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, pẹ̀lú páálí gbogbo oògùn tí ẹ ti lò, títí kan àgbo. Oògùn ìdènà kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ fún un ní oṣù méjì sí mẹ́ta ní ìwọ̀n tó pé kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Bí ọjọ́ ẹ̀fọ́rí yín bá ti dín sí ìdajì, ó ń ṣe dáadáa nìyẹn. Lẹ́yìn oṣù 6 sí 12 tí ara bá ti rọ̀, dókítà lè bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín lójijì, pàápàá propranolol, nítorí ó lè kó ọkàn sínú wàhálà.